Àwọn Oníkẹ̀kẹ́ Àgbẹ̀ Kọfí: Ìtàn Ẹgbẹ́ Café de Colombia

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Egan Bernal, gba ipò kìíní nínú Tour de France ní oṣù keje ọdún 2019, ìwé ìròyìn káàkiri ayé ni ó ń kọ ọ́ pé ilẹ̀ Kòlómbíà ti Gúúsù Amẹ́ríkà ti dé téńté òkè nínú eré-ìje kẹ̀kẹ́ ológeere. Iṣẹ́ ńlá ni ọmọ náà ṣe, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sá eré náà yí ilẹ̀ Faransé ká, kò sì sí ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà kan tí ó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, n ó wí pé wọ́n ti dé téńté òkè náà ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣáájú, nígbà tí a kò tilẹ̀ tí ì bí Bernal. Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1987 ni mo ń wí. Ọjọ́ náà ni Luis Herrera gba Vuelta, eré-ìje tí wọ́n fi ń yí ilẹ̀ Sípéènì ká. Ẹgbẹ́ tí ó bá jáde kì í ṣe ti òyìnbó kankan. Owó àwọn àgbẹ̀ kọfí ilẹ̀ rẹ̀ ni ó bọ́ ẹgbẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ sì ni Café de Colombia, èyíinì ni Kọfí Ilẹ̀ Kòlómbíà.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n mú igi kan kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ rí àwọn ará Kòlómbíà lórí kẹ̀kẹ́ ní àlàyé kan tí wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀: wọ́n ní orí òkè ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ní Bogotá ga tó mítà 2,600 ju òkun lọ, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, àti pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ń mí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré yóò máa gbé èémí ju ti ẹlòmíràn lọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n La Paz, ní ilẹ̀ Bolivia, fi bí ẹgbẹ̀rún mítà ga ju Bogotá lọ. Ta ni ó gbọ́ ìró ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ Bolivia nínú Tour de France ní àkókò tí mo ń sọ yìí? Òkè nìkan kì í bí oníkẹ̀kẹ́. Ó ní àwọn tí ó la ọ̀nà fún un, ó ní àwọn tí ó pariwo orúkọ rẹ̀, ó sì ní àwọn tí ó san owó oúnjẹ rẹ̀. Ìtàn àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ rò.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1948, wọ́n yìnbọn pa Jorge Eliécer Gaitán, olóṣèlú tí àwọn mẹ̀kúnnù fẹ́ràn, ní ìgboro Bogotá. Ìlú gbiná lọ́jọ́ náà. Ìpànìyàn tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ilẹ̀ náà wá di ogun abẹ́lé tí ó jó abúlé lọ rẹpẹtẹ. La Violencia ni wọ́n ń pe àkókò náà, ìyẹn ni Ìgbà Ìwà Ipá. Ará abúlé kan ń sá fún ará abúlé kejì nítorí àwọ̀ ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe. Nínú irú ìgbà yìí ni àwọn kan dá àbá pé kí a máa fi kẹ̀kẹ́ sáré yí orílẹ̀-èdè náà ká. Àbá náà dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń lálàá lójú sánmọ̀ ọ̀sán, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà wọn kò ju ẹrẹ̀ àti òkúta lọ. Efraín Forero, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Zipaquirá, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ní ọdún 1950, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá òkè Letras lọ sí ìlú Manizales, kí wọn lè fi ojú ara wọn rí i pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òkè Letras ti rí, kí ẹ lè mọ ohun tí ọmọkùnrin náà ṣe. Láti Mariquita ní ìsàlẹ̀, níbi tí ooru ti ń mú, bí 80 kìlómítà ni ènìyàn yóò fi máa gùn ún, yóò sì dé ibi tí ó ga ju mítà 3,600 lọ, níbi tí òtútù ti ń gan ọwọ́. Alpe d'Huez tí àwọn Faransé fi ń yangàn, gígùn rẹ̀ kò tó kìlómítà 14. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìròyìn El Tiempo ṣe onígbọ̀wọ́, tí wọ́n sì sá Vuelta a Colombia àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1951. Forero náà ni ó gbà á.

Ọ̀nà ti là. Ó ku ariwo. Rédíò ni ó pa á. Carlos Arturo Rueda, ẹni tí wọ́n bí sí Costa Rica, jókòó sínú ọkọ̀ ó ń ròyìn eré fún àwọn tí kò lè rí i, ó sì ń sọ àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní oríṣiríṣi orúkọ bí ẹni ń ki oríkì. Òun ni a mọ̀ mọ orúkọ inagijẹ, ó sì mọ agbára wọn. Àgbẹ̀ tí kò kúrò ní abúlé rẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ orúkọ ìlú tí ó jìnnà sí i, ó ń gbọ́ bí òjò ṣe ń rọ̀ níbẹ̀ àti ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ wọn ni ó jẹ́ fún wọn, ó sì dá mi lójú pé ó wọ̀ wọ́n lára ju ti ilé-ìwé lọ. Ní àárín ọdún 1953 sí 1958, Ramón Hoyos, ọmọ agbègbè Antioquia, gba Vuelta náà ní ìgbà márùn-ún. Ní 1955, akọ̀ròyìn kékeré kan ní El Espectador jókòó tì í, ó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn náà ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Akọ̀ròyìn yìí ni Gabriel García Márquez, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Fernando Botero, ayàwòrán, fi Hoyos kan náà ya àwòrán ní 1959. Orúkọ tí wọ́n ń pe Hoyos àti gbogbo agunkè tí ó tẹ̀lé e ni escarabajo, kòkòrò ẹléyìn líle bíi yímíyímí, tí ń rá gun òkè láìkánjú, láìdúró.

N kò ní pẹ́ lórí Martín Emilio Rodríguez, tí wọ́n ń pè ní Cochise, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé odidi tọ́ sí i. Ní 1973 ó lọ sí ilẹ̀ Ítálì, ó wọ ẹgbẹ́ Bianchi, ó ń ran Felice Gimondi lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ sì borí nínú ìrìn ọjọ́ kan ní Giro ọdún náà. Ní 1975 òun ni ọmọ Kòlómbíà àkọ́kọ́ tí ó sá Tour de France. Ṣùgbọ́n alágbàṣe ni ó jẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹgbẹ́ ni mo ń bọ̀ wá bá. Ẹni tí kò bá mọ eré yìí yóò rò pé olúkúlùkù ni ó ń sá tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń fi àyà gba afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá sá mọ́ ọn lẹ́yìn yóò máa lọ ní ìwọ̀n eré kan náà, agbára tí yóò sì lò kò ní tó ti ẹni iwájú. Nítorí náà, olórí ẹgbẹ́ kan a máa fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òwúrọ̀, títí yóò fi di ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dé. Àwọn ni ó ń bù omi wá fún un. Bí táyà rẹ̀ bá bẹ́, ọ̀kan nínú wọn a tú ti ara rẹ̀ fún un, a sì dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ẹni tí ó bá sì lọ láìní ẹgbẹ́, afẹ́fẹ́ nìkan yóò pa á.

Àwọn ará Kòlómbíà mọ gbogbo èyí lórí òkè tiwọn. Ní 1980, Alfonso Flórez gba Tour de l'Avenir ní Faransé, ó borí Sergei Sukhoruchenkov ará Rọ́ṣíà, ẹni tí ó gba wúrà Olympic ní Moscow ní ọdún kan náà. Ní 1983, àwọn alákòóso Tour de France ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí kò fi eré ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, Kòlómbíà nìkan ni ó sì wọlé láàárín wọn. Ilé-iṣẹ́ Varta tí ń ṣe bátìrì ni onígbọ̀wọ́ wọn. Ojú wọn rí nǹkan. Ní ìhà àríwá Faransé, ilẹ̀ tẹ́jú bí ẹní, afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́, òkúta ni wọ́n sì tò sí ọ̀nà Roubaix. Àwọn ọkùnrin kéékèèké yìí kò mọ bí a ti ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi sá fún afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́. Àwọn òyìnbó gbọ̀ngbọ̀nràn ń fi èjìká tì wọ́n kúrò lójú ọ̀nà. Kí wọ́n tó rí òkè kan ṣoṣo, wọ́n ti pàdánù ìṣẹ́jú púpọ̀. Nígbà tí òkè dé, Patrocinio Jiménez àti Robert Millar ará Scotland ni ó ṣíwájú gbogbo ayé kọjá Tourmalet. Jiménez wọ ẹ̀wù olórí agunkè, funfun tí ó ní àmì róbótó pupa, fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn òyìnbó ń bi wọ́n léèrè ohun tí ó wà nínú àpò wọn. Panela ni, ìṣù ṣúgà ìrèké tí àwọn àgbẹ̀ wọn ń jẹ.

Ọdún 1984 ni ayé tó mọ Luis Herrera. Ọmọ Fusagasugá ni, ìlú olódòdó, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú òdòdó kí ó tó di oníkẹ̀kẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní ọmọ kékeré aṣọ́gbà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn oníṣòwò kokéènì pa Rodrigo Lara Bonilla, mínísítà ètò ìdájọ́. Láti ìgbà náà, ohun tí ó ń wá sí ọkàn ará Yúróòpù bí ó bá ti gbọ́ Kòlómbíà ni ẹ̀fúùfù oògùn àti ìbọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje, eré dé ẹsẹ̀ Alpe d'Huez. Bernard Hinault, tí ó ti gba Tour ní ìgbà mẹ́rin, ti sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù ní àfonífojì. Herrera lé e bá, ó kọjá rẹ̀, ó já Laurent Fignon tí ó gba Tour ọdún náà sílẹ̀, ó sì dá dé òkè. Kò tí ì sí ẹnikẹ́ni tí kò fi eré ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tí ó borí nínú ìrìn ọjọ́ kan ní Tour rí. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Faransé, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ní Bogotá. Lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ ọ lórí rédíò.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, ti kẹ̀kẹ́ gan-an sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ kọfí Kòlómbíà ti dá Ẹgbẹ́ Àpapọ̀ wọn sílẹ̀ láti 1927. Láti 1940 ni wọ́n ti ní àpò owó kan tí a ń yọ díẹ̀ sí nínú kọfí tí ó bá jáde lọ sókè òkun. A fi ń gbé iye owó ọjà ró, a sì fi ń polówó. Ọmọ ẹni tí ó gbin kòkó kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú àpò bẹ́ẹ̀. Láti 1959 ni wọ́n ti ń fi àwòrán àgbẹ̀ kan, Juan Valdez, pẹ̀lú ìbaaka rẹ̀ polówó ní Amẹ́ríkà. Eléré orí pátákó ni Juan Valdez; kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Herrera ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ mẹ̀kúnnù tí ń làágùn lójú gbogbo ayé. Nítorí náà, ní 1985, ẹgbẹ́ náà di ti àwọn tí ń fi eré jẹun, ó sì wọ Tour pẹ̀lú orúkọ kọfí láyà, Varta sì tẹ̀lé e. Ọ̀nà méjì ni ilẹ̀ kan lè gbà di mímọ̀ lójú ayé ní ọdún wọ̀nyẹn, àwọn àgbẹ̀ sì ti yan tiwọn.

Iṣẹ́ ọdún 1985 pọ̀. Ní ọ̀nà Avoriaz, Herrera àti Hinault jọ sá lọ. Hinault gba àkókò tí ó fi ń lé àwọn yòókù sẹ́yìn, Herrera gba ọjọ́ náà. Àwọn kan pe èyí ní ìwà ọmọ ọ̀dọ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹni méjì tí ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀ síra kò ní ìdí láti bá ara wọn jà. Ní ọjọ́ kejì, ní Lans-en-Vercors, Fabio Parra ni ó kọ́kọ́ dé, Herrera tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Saint-Étienne. Herrera ti dá wà níwájú. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó ṣubú. Ó dìde, ó tún gun kẹ̀kẹ́, ó sì kọ́kọ́ dé òpin pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn lójú rẹ̀. Àwòrán ojú ẹlẹ́jẹ̀ yìí wọ ilé púpọ̀ ní Kòlómbíà. Nígbà tí eré parí, Herrera ni olórí agunkè, Parra ni ó gba ẹ̀wù funfun ti ọ̀dọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ogun jà nínú Ààfin Ìdájọ́ ní Bogotá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, òkè oníná Nevado del Ruiz tú, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì bo ìlú Armero, tí kò jìnnà sí Mariquita níbi tí òkè Letras ti bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní 20,000 ènìyàn tí ó kú.

Mo ti dé 1987. Ní Lagos de Covadonga, òkè adágún ní àríwá Sípéènì, Herrera fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó sì gba ẹ̀wù olórí eré. Sean Kelly ará Ireland, ọ̀gá nínú eré àdásá, gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí eré parí. Ní ọjọ́ kejì, Kelly sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Eéwo ni ó mú un ní ibi tí ènìyàn fi ń jókòó lórí gàárì. Ẹ̀wù padà sọ́dọ̀ Herrera, ó sì wọ̀ ọ́ dé Madrid, ọmọ Gúúsù Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ọ̀kan nínú eré ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Reimund Dietzen ará Jámánì ni ó ṣe ìkejì, Fignon ṣe ìkẹta. Àwọn kan ń wí títí di òní pé eéwo ni ó fún un. Èmi a máa dá wọn lóhùn pé ara ni a fi ń sá eré ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, awọ ìdí sì wà lára ara. Ẹni tí awọ rẹ̀ gbà á dé Madrid ni ó borí.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Bí ọwọ́ ṣe ń tẹ iyì ni òyìnbó ń ra àwọn ọmọ náà. Parra lọ sí Kelme, ẹgbẹ́ àwọn oníbàtà Sípéènì. Ẹ̀wù Kelme ni ó wọ̀ nígbà tí ó ṣe ìkẹta ní Tour 1988. Herrera kò lọ. Ní Giro 1989 ó gba ọjọ́ méjì, ó sì di olórí agunkè. Nípa èyí, òun ni ẹnì kejì lẹ́yìn Federico Bahamontes tí ó ṣe olórí agunkè ní eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tún ṣe olórí agunkè ní Sípéènì ní 1991. Ṣùgbọ́n ní 1991 orúkọ kọfí kò sí láyà rẹ̀ mọ́. Postobón, àwọn tí ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ni ó ń bọ́ ọ. Ní oṣù keje ọdún 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń tà àti àwọn tí ń ra kọfí fi ń pín iye tí olúkúlùkù yóò tà já. Kọfí ya bo ọjà, iye owó rẹ̀ sì wó lulẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò rí owó ajílẹ̀ rà kò lè máa san owó táyà ní Faransé. Ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ náà sá eré kẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà ti rẹ̀ ni, wọ́n sì ń tọ́ka sí ọjọ́ orí Herrera. Ó rẹ Herrera lóòótọ́, ó fi eré sílẹ̀ ní 1992. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó lówó a máa rí ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí ó rẹ̀, òkè Boyacá kò sì ṣíwọ́ láti máa tọ́ agunkè. Ọdún 1992 yìí kan náà ni wọ́n yìnbọn pa Alfonso Flórez ní Medellín. Ní 2000, àwọn ológun FARC jí Herrera gbé ní ìlú rẹ̀. Wọn kò pẹ́ tú u sílẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn kò gbìyànjú mọ́. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Colombia es Pasión jáde, àwọn àgbẹ̀ kọfí sì tún fi orúkọ wọn sí i láyà ní 2010, ọdún tí Nairo Quintana, ọmọ Cómbita ní Boyacá, gba Tour de l'Avenir fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Movistar ti Sípéènì ti mú un lọ. Ẹ̀wù wọn ni ó fi gba Giro ní 2014 àti Vuelta ní 2016. Ìjọba Kòlómbíà fi owó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní 2012, ó tú ká ní 2015. Bernal ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ bá ẹgbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sá eré ńlá kankan: ẹgbẹ́ Ítálì ni ó ti kọ́ṣẹ́, ẹgbẹ́ Ineos ti Ìlú Ọba ni ó bá gba Tour. Zipaquirá ni ó ti dàgbà, ìlú Efraín Forero. Ní ọjọ́ tí ìlú náà kún fọ́fọ́, tí wọ́n ń wo Bernal nínú ẹ̀wù olórí eré ní Paris, Forero ṣì wà láàyè, ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún dáadáa.